Aríran Tí Kò Ríran Rí

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìwó jáde ní Ìbàdàn, tí ẹ yà sí ọ̀nà Lálúpọn, ẹ ó rí pátákó kan tí wọ́n ya àkùkọ pupa sí lára. Ẹ̀yìn pátákó yẹn ni oko adìẹ kan wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa adìẹ, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń kó o sínú yàrá yìnyín kó lè dì gbagidi kí ọkọ̀ tó wá gbé e lọ fún àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní Alákìá, nítòsí pápákọ̀ òfúrufú. Oko yìí ni Olúwadọ̀tun ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di aríran láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n.

Obìnrin náà kò ríran rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Òótọ́ ni pé ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, tó ń wọ sùtánà funfun, tí kì í sì wọ bàtà bó bá ti wọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ yẹn gan-an, bí ẹ̀mí bá gbé àwọn tó kù, Dọ̀tun ló máa ń gbé àga kúrò lọ́nà kí wọ́n má baà fi eékún gbá a, òun náà ló sì máa ń bu omi tútù fún wọn bí ara wọn bá balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, bó bá ti sùn, ó sùn nìyẹn. Ìgbà kan tó lálàá, ẹ̀wà ló rí, torí pé ebi ló gbé e sùn lọ́jọ́ náà.

Ta ló máa gbà á gbọ́? Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni Àjíkẹ́ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà nínú sùtánà, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ìjọsìn. Àjíkẹ́ yìí, ìdí ibi tí wọ́n ti ń gé adìẹ ló wà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó ràn dáadáa, gbogbo oko ti gbọ́ pé Ìyá Ìyanu ń ríran. Ìyá Ìyanu ni wọ́n ń pe Dọ̀tun níbi iṣẹ́, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìyanuolúwa.

Láti ìgbà náà, bó bá yán, wọ́n á bi í pé kí ló rí. Bó bá di ojú láti gbàdúrà sórí oúnjẹ, iṣẹ́ á dúró. Ó sọ fún Mahfuz awakọ̀ lọ́jọ́ kan pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ. Kò sẹ́ni tó lójú tí kò ní rí i pé táyà náà ti dán bí orí apárí. Ṣé Mahfuz pààrọ̀ táyà? Rárá o. Ilé ló gbà lọ, ó ní Ìyá Ìyanu ti rí ìjàǹbá, òun kò ní wakọ̀ lónìí. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu, ó sì gbé ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú táyà jíjẹ yẹn náà.

Èyí tó dun Dọ̀tun jù ni ti òfófó. Ẹ má bínú, obìnrin yìí fẹ́ràn òfófó. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kó jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó gbọ́ nípa ẹni tó ń gbé ìyàwó kejì bọ̀, àti ẹni tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde nínú yàrá ní Ajíbọ̀dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ sí abẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ á pin mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣeunfúnmi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wọn ẹran lórí òṣùwọ̀n, á ki orin ìyìn mọ́lẹ̀. Wọ́n á fún Ìyá Ìyanu ní àga tó dára jù, àwọn á sì lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán lórí ẹní. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún náà rèé, òun nìkan ló ń dá jẹun.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ olórí iṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìjàyè lọ máa gbin ẹ̀gẹ́. Àyè rẹ̀ ṣófo. Gbogbo oko mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà tó Dọ̀tun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ipò náà tó o. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè máa kí i ní ọ̀gá. Ohun tó ń wá ni pé kó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó rò ó pé bí òun bá ti di olórí, tí òun bá ní kí wọ́n fọ tábìlì, tábìlì ni wọn yóò fọ̀, wọn kò ní máa wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Akínwándé, máníjà oko, kò wí nǹkan kan. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí wọ́n fi ìwé àdúrà àti dùùrù tọ́ dàgbà. Ojú tí Àjíkẹ́ fi ń wo Dọ̀tun kọ́ lòun fi ń wò ó. Ní tirẹ̀, ariwo àti àlá ni gbogbo nǹkan tó wà lọ́wọ́ àwọn aládùúrà. Bí èèyàn bá fi wọ́n ṣe olórí, wọn yóò sọ ilé iṣẹ́ di ilé àdúrà. Àjíkẹ́ ń bẹ̀rù rẹ̀, Ọ̀gá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì jọ sọ̀rọ̀ pọ̀ rí lórí ẹ̀. Síbẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀nà wọn já sí, torí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣe dé. Ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín láti inú já bọ́. Bí ilẹ̀kùn náà bá tì mọ́ èèyàn, àfi kí ẹlòmíràn ṣí i láti ìta. Dọ̀tun rí i, ó lọ bá Ọ̀gá, ó ní, “Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yìí á ti mọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan o.” Ọ̀gá gbójú sókè kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní òun kì í fi àsọtẹ́lẹ̀ darí oko. Dọ̀tun ní kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́, ó sì dojú padà kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ó wá sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ra. Ìyẹn ló wá burú jù. Àjíkẹ́ ká ọwọ́ lérí, ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní ìran ti jáde. Wọ́n gba ààwẹ̀. Àjíkẹ́ fi òróró olífì ya àgbélébùú sára ilẹ̀kùn. Ṣeunfúnmi gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó wọ́n ọn sínú yàrá náà, omi sì dì síbẹ̀, àfìgbà tí ẹnì kan yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Mahfuz, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lèmọ́mù ní Ejíòkú, ní wọn kò lè ṣe é kó ku tòun, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ka àdúà títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ẹ̀sìn tí wọn kò mú wá bá ilẹ̀kùn yẹn. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí èèyàn lè dúró ní géètì oko kó sì pè é kó jẹ́, òun nìkan ni wọn kò ránṣẹ́ sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn tiwa yìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi làpálàpá sílẹ̀, ara ògiri ni wọ́n ń fi òróró pa.

Dọ̀tun ń wò wọ́n, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó wá òkúta ńlá kan lẹ́yìn ilé adìẹ, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé lè máa fi dá ilẹ̀kùn náà dúró.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà tí àwọn tó kù ti lọ sábẹ́ máńgòrò láti jẹun, Dọ̀tun ní kóun kó ẹran tó kù nílẹ̀ wọlé kóun tó lọ. Ó gbé agbọ̀n mọ́yà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn sínú, ó sì fi ẹsẹ̀ wá òkúta náà sẹ́yìn kó fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí òkúta níbẹ̀. Àjíkẹ́ ti gbé e lọ fi pa ẹ̀kùrọ́. Ilẹ̀kùn náà rọra padà, ó sì ké kì.

Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé e. “Mo sọ fún wọn,” ó wí fún àwọn adìẹ tó dì. Àwọn adìẹ náà nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún náà tí wọn kò bi í pé kí ló tún rí. Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó bọ́ bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ń gbá a. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lóde, kò sẹ́ni tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á, ẹ̀rù gidi. Ó rántí Ìyanuolúwa tí yóò ti ilé ìwé dé tí kò ní bá a nílé. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń kọ orin tí wọ́n fi ń jó nínú ìjọ wọn kí ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Nígbà tó yá, eyín rẹ̀ kò jẹ́ kí orin náà jáde mọ́.

Mahfuz ló ṣílẹ̀kùn. Ẹrù tí yóò gbé lọ sí Alákìá ló wá kó.

Ẹ fojú inú wò ó. Obìnrin aládùúrà nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ìwérí funfun lórí, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀, tí èéfín yìnyín ń rú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ̀n láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ń fò sókè torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á bọ́ bàtà.

Mahfuz bọ́ bàtà. Ó pariwo pé ẹ̀mí ti bà lé Ìyá Ìyanu, àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò sáré dé, wọ́n rí i, wọ́n sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Mahfuz ní òun lòun máa ń gbé èrò sínú ọkọ̀ ẹran ní ọ̀nà Alákìá, àti pé ìyá kan tilẹ̀ wà tó ti sọ ọ́ di ọkọ̀ tirẹ̀. Ṣeunfúnmi ní òun lòun ń mú ẹran nínú abọ́ Àjíkẹ́, tí Àjíkẹ́ fi ń bú ológbò láti ọjọ́ yìí. Àjíkẹ́ wo Ṣeunfúnmi bíi kó dìde lù ú, ṣùgbọ́n Dọ̀tun fò sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ni òun náà bá dojú bolẹ̀. Ó ní òun lòun fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Ó ní òun lòun sọ kiri pé Ìyá Ìyanu ń ríran, bẹ́ẹ̀ òun kò rí ju pé ó wọ aṣọ funfun lọ.

Ariwo yìí ló mú Ọ̀gá Akínwándé jáde ní ọ́fíìsì. Ó ti fẹ́ bi wọ́n pé irú ìranù wo nìyí. Dọ̀tun yíjú, ó rí kóòtù tó nípọn tí Ọ̀gá wọ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì sí ohun tó wù ú láyé lásìkò náà bíi kóòtù yẹn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń gbọ̀n, ó ń bọ̀. Ọmọ Áńgílíkà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Eékún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

“Ìyá Ìyanu, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run,” ó ní. “Orúkọ yín ni ẹni tó ni oko kọ́kọ́ dá fún ipò yẹn, èmi ni mo dì í mú. Mo ní aládùúrà ò lè darí iṣẹ́. Mo ti gbà báyìí. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni olórí iṣẹ́ wa.”

Dọ̀tun dúró, ó ń wo orí gbogbo wọn nílẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá kàn mi orí, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò tún já a níyàn mọ́ ní oko náà. Bó bá wúkọ́ lásán, tábìlì á mọ́. Kí n sọ òótọ́, ó wù ú. Ṣùgbọ́n ó wo Àjíkẹ́ tó dojú bolẹ̀, ó sì rí ọjọ́ ayé rẹ̀ ní oko yẹn níwájú bí ẹni tó ríran lóòótọ́: àga tó dára, orin ìyìn, àti oúnjẹ àdájẹ. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó fipá kó eyín rẹ̀ jọ.

“Òtútù ni,” ó wí.

Wọ́n ní àmín.

“Ẹ má ṣe àmín. Òtútù ló ń mú mi. Ẹ fún mi ní ògì gbígbóná.”

Àjíkẹ́ sáré lọ, ó sáré dé. Ọ̀gá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé e lára. Dọ̀tun mu ògì náà láìgbé e kúrò lẹ́nu, àwọn yòókù ṣì wà lórí eékún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí ètè rẹ̀ díẹ̀, ó wò wọ́n yí ká.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ríran rí láyé mi. Ilẹ̀kùn ló tì mọ́ mi. Ṣé bí mo bá jẹ́ aríran, màá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ yàrá tó fẹ́ tì mọ́ mi ni?”

Ọ̀rọ̀ náà lọ díẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Mahfuz ló kọ́kọ́ yé. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ṣeunfúnmi tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń yí nílẹ̀, tí omi ń dà lójú wọn. Àjíkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń fi ọwọ́ gbá Ṣeunfúnmi lẹ́yìn nítorí ẹran abọ́ rẹ̀, ó ní òun ti bú ológbò aláìṣẹ̀ tó. Gbogbo àṣírí ti wà lójútáyé, kò sì sẹ́ni tó lè kó tirẹ̀ padà.

Ọ̀gá Akínwándé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ojú ń tì í. Dọ̀tun sún mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ohun tóun fẹ́ sọ yìí lè gba ipò náà lọ́wọ́ òun.

“Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí eékún, mi ò ní fi dè yín. Ẹ̀rù ló bà yín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ lórí ìdúró.”

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. “Bí mo bá fi yín ṣe olórí iṣẹ́,” ó ní, “kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?”

“Màá ránṣẹ́ pe wẹ́dà.”

“Ṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn náà lẹ wá ń sọ fún mi lọ́jọ́sí?”

“Òun náà ni, Ọ̀gá. Kò ní ìtumọ̀ mìíràn.”

Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà ti ń dì mọ́nú wá já lójijì, ó fara ti ògiri, ó rín in títí ó fi di ikùn mú. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ gba ààwẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, òun pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kàn wò ó. Lẹ́yìn náà ló nà tán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó na ọwọ́, ó bọ Dọ̀tun lọ́wọ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ létí gbogbo wọn pé Ìyá Ìyanu ni olórí iṣẹ́. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra. Ijó tí Dọ̀tun jó lọ́sàn-án yẹn nínú kóòtù Ọ̀gá, òtútù kọ́ ló fà á.

Wọ́n padà sábẹ́ máńgòrò. Ṣeunfúnmi gbé àga tó dára wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ sún lórí ẹní, ó fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dọ̀tun jókòó síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má kàn gbé àga náà jìnnà, ẹ̀yìn lè máa dun òun lọ́la. Àjíkẹ́ bu ẹran sínú abọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fẹnu sún mọ́ ọn létí láti sọ fún un nípa ìyá tó sọ ọkọ̀ ẹran di tirẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní ó ń bá Mahfuz sọ lójú ọ̀nà. Dọ̀tun ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo ibì kankan.

Wọ́n ò tíì palẹ̀ abọ́ mọ́ nígbà tí Àrẹ̀mú, wẹ́dà tí Dọ̀tun ti ránṣẹ́ pè, dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìròyìn ti kàn án ní géètì kó tó wọlé, àbọ̀ rẹ̀ ló sì gbọ́. Ó rọra ń bọ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò wo ibi tí wọ́n jókòó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá yìnyín, tí Dọ̀tun ti dìde lọ pàdé rẹ̀, ó to bàtà rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ lásán níwájú ìyá tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún òun.

Gbogbo abẹ́ máńgòrò yíjú sí olórí iṣẹ́ wọn tuntun.

“Irin tó já ni mo rí,” Dọ̀tun dá a lóhùn. “Dìde, ọmọ mi, wọ bàtà rẹ. Iná irin á jó ọ lẹ́sẹ̀.”